Ilé Etí Òkun ní Fourah Bay

Àwọn àgbà a máa wí pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń fi òwe yìí tu ẹni tí àdánù bá nínú, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ni ó ń rántí ohun tí ó sọ òwe náà di òtítọ́. Iná kò ní ẹwà kankan nínú. Ọwọ́ àwọn ará ìlú ni ẹwà tí ilé ọba ń rí lẹ́yìn iná ti ń wá. Ní ọjọ́ kejì ìjàǹbá, baálé gbogbo yóò jáde ti òun ti àdá àti okùn. Àwọn kan yóò po amọ̀, àwọn kan yóò gé igi, àwọn kan yóò ru koríko bẹẹrẹ wá, títí ilé tuntun yóò fi dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí àwọn ará ìlú bá jókòó sílé, ahoro ni ilé ọba tí ó jó yóò dà, gẹ́gẹ́ bí ilé mẹ̀kúnnù.

Irú ahoro bẹ́ẹ̀ kan wà ní Cline Town, ní apá ìlà-oòrùn Freetown, tí í ṣe olú-ìlú Sàró. Ilé olókè gíga ni, yangí pupa ni a fi mọ ògiri rẹ̀. Ògiri náà ṣì dúró gbọn-in, ṣùgbọ́n òrùlé ti lọ, gbogbo fèrèsé sì ti di ojú ihò. Ní ọdún 1999, nígbà tí ogun abẹ́lé wọ Freetown, ni iná jó o. Ọba kankan kò gbé inú rẹ̀ rí. Síbẹ̀, bí a bá ka àwọn ilé tí èdè Yorùbá ti gbé di èdè ìwé, òun àti ilé tí ó ṣáájú rẹ̀ lórí ilẹ̀ kan náà wà lára àwọn tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dárúkọ.

Ìtàn tí àwọn òǹkọ̀wé ìjọ C.M.S. fi sílẹ̀ sọ pé ibi tí a ń kó ẹrú jọ sí de ọkọ̀ Òyìnbó ni orí ilẹ̀ Fourah Bay nígbà kan. Àwọn ènìyàn dúdú tí ó ti bọ́ lóko ẹrú ní òkè òkun ni ó tẹ Freetown dó. Àwọn kan kọ́kọ́ dé ní ọdún 1787, àwọn mìíràn tẹ̀ lé wọn láti Nova Scotia ní ọdún 1792. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú ní ọdún 1807, tí ìjọba wọn sì gba àkóso ìlú náà ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Freetown di èbúté tí àwọn ọkọ̀ ogun ń kó ẹrú tí wọ́n bá gbà lójú òkun wá. Láàárín nǹkan bí àádọ́ta ọdún, àwọn tí a tú sílẹ̀ níbẹ̀ lé ní 90,000. Yorùbá pọ̀ nínú wọn gidigidi, nítorí ogun tí ó tú ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àti ilẹ̀ Ẹ̀gbá ká ní ìgbà náà.

Ní ìgbà tí à ń wí yìí, Fourah Bay kò tí ì wọ inú ìlú. Ẹ̀yìn odi ni, létí omi, níbi tí atẹ́gùn òkun ti ń fẹ́ sí ilẹ̀ oko. Gómìnà Charles Turner ní ilé kan níbẹ̀, pẹ̀lú ilẹ̀ tí ó yí i ká, irú ilé oko tí àwọn ọlọ́lá máa ń kọ́ láti sá fún ariwo ìlú. Turner kò pẹ́ jẹ ayé ibẹ̀. Ibà ilẹ̀ Sàró pa á ní ọdún 1826. Ní àkókò yìí kan náà, àwọn C.M.S. ń wá ibi tí ilé ẹ̀kọ́ wọn yóò gbé fìdí múlẹ̀. Wọ́n ti dá a sílẹ̀ lórí òkè Leicester ní ọdún 1816, wọ́n sì ti gbé e lọ sí abúlé Regent, ṣùgbọ́n kò gbérí. Wọ́n ra ilé olóògbé gómìnà náà àti ilẹ̀ rẹ̀. Báyìí ni ilé oko ọlọ́lá ṣe di kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ọdún 1827, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọ̀gá tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni Haensel, ará Jámánì; akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà péré ni ó sì fi bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà náà ni Àjàyí, ọmọ Òṣoògùn. Ìtàn rẹ̀ kò ṣàjèjì sí olùkọ́ kankan, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a tún un wò láti ẹnu ọ̀nà ilé yìí. Ní ọdún 1821 ni ogun kó Òṣoògùn, tí a sì mú Àjàyí pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan, ẹṣin ni a fi ṣe pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ẹṣin náà kò tẹ́ olówó lọ́rùn, a dá a padà, a sì dá ọmọ náà padà pẹ̀lú. Láti ọwọ́ dé ọwọ́, ó dé Èkó, ó sì bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní oṣù kẹrin ọdún 1822. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Myrmidon ni ó gbà á lójú òkun, tí ó sì mú un dé Freetown. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn èyí, ọmọ tí a ti díye lé gẹ́gẹ́ bí ẹṣin jókòó nínú ilé gómìnà, ó ń kọ́ ẹ̀kọ́. Bí ó bá sì jẹ́ òtítọ́ pé ibẹ̀ gan-an ni a ti ń kó ẹrú jọ rí, a jẹ́ pé orí ilẹ̀ tí a ti ń ka ènìyàn mọ́ ọjà ni ọmọ ọjà náà ti mú kálámù.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ nínú ilé náà kì í ṣe Yorùbá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì, Bíbélì àti ìmọ̀ àwọn Òyìnbó ni. Nígbà tí ó yá, èdè Látìnì, Gíríìkì àti Hébérù tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ bá jáde sí ìta, Yorùbá ni yóò gbọ́ lọ́tùn-ún lósì. Àwọn ará Freetown kò tilẹ̀ mọ orúkọ tí wọn ìbá pe àwọn ènìyàn tí ń kí ara wọn ṣáá yìí: ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe sọ wọ́n ní Akú. Ìkíni di orúkọ ẹ̀yà. Nínú ariwo ẹ̀ẹ̀kú wọ̀nyí ni àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ èdè náà sílẹ̀. Hannah Kilham, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ àwọn èdè tí a ń sọ ní Sàró jáde ní ọdún 1828. Lẹ́yìn rẹ̀ ni John Raban, òjíṣẹ́ C.M.S., tẹ àwọn ìwé kéékèèké lórí èdè Akú jáde láàárín ọdún 1830 àti 1832. Àjàyí, tí ó ti di Samuel Crowther, rí i báyìí pé èdè ìyá òun ṣe é kọ sórí ìwé, gẹ́gẹ́ bí ti Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ọdún 1834, Crowther padà sí Fourah Bay, ó sì di olùkọ́ nínú ilé tí ó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ó bá wọn rin ìrìn-àjò odò Ọya ní ọdún 1841. Ní ọdún 1843, ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí òun fúnra rẹ̀ kọ jáde ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ní ọdún yìí kan náà ni wọ́n fi í jẹ àlùfáà. Ní oṣù kìíní ọdún 1844, ó wàásù ní èdè Yorùbá fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Freetown. Títí di ìgbà náà, àwọn olórí ìjọ ibẹ̀ kò fi Yorùbá sin Ọlọ́run ní gbangba. Èdè ilé ni, èdè ọjà ni, èdè ẹkún ni. Ọjọ́ náà ni ó gun orí pẹpẹ.

Ohun tí ó tẹ̀ lé èyí yẹ kí olùkọ́ ìtàn fi ìka rẹ̀ sí dáadáa. Ní oṣù kìíní ọdún 1845, Crowther gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì pẹ̀lú Townsend àti Gollmer, wọ́n ń dúró de ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ní oṣù kejì ọdún kan náà, ní Fourah Bay, Gómìnà William Fergusson fi òkúta ìpìlẹ̀ ilé tuntun lélẹ̀. Fergusson fúnra rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà lára. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń gbé ẹ̀kọ́ lọ sílé ni ilé ẹ̀kọ́ ń gbéra sókè lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, Crowther rí ìyá rẹ̀ lójúkojú, ọdún márùn-ún-lé-lógún lẹ́yìn tí ogun ti yà wọ́n. Ní ọdún 1848, ilé òkúta náà parí.

Yangí ni wọ́n fi mọ ọ́n, ṣùgbọ́n igi òrùlé rẹ̀ ni ìyanu. Ní Freetown, ilé ẹjọ́ kan wà tí àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè mélòó kan jókòó sí láti ọdún 1819, tí ó ń dájọ́ ọkọ̀ ẹrú tí a bá mú. Bí ẹjọ́ bá dá ọkọ̀ lẹ́bi, a ó tú àwọn ẹrú inú rẹ̀ sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, a máa ń ta ọkọ̀ náà ní gbàǹjo. Àwọn olówò ẹrú a sì tún rà á padà lábẹ́ orúkọ ẹlòmíràn. Láti ọdún 1835, àdéhùn tuntun pẹ̀lú Sípéènì fi àṣẹ sí i pé kí a máa gé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sí wẹ́wẹ́ kí ó má baà tún ṣe ibi mọ́. Igi tí ó jáde lára wọn kò ṣòfò. Òpó tí a ti ń ta ìgbòkun mọ́ lára àwọn ọkọ̀ ẹrú ni a fi ṣe igi òrùlé kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá gbójú sókè lórí ìwé rẹ̀, tí ó sì wo òkè, igi tí ó ń gba òjò fún un lè jẹ́ igi tí ìbá gbé bàbá rẹ̀ lọ sí Bràsíìlì.

Ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà tí a kọ́ ilé yìí jẹ́ ènìyàn dúdú. Edward Jones ni orúkọ rẹ̀, ìlú Charleston ní Amẹ́ríkà ni a bí i sí, ó sì ti gba oyè ní Amherst College ní ọdún 1826. Lábẹ́ rẹ̀ ni Sigismund Koelle, ará Jámánì mìíràn, dé ní ọdún 1847 láti kọ́ wọn ní Hébérù. Koelle rí i pé gbogbo Áfíríkà ni ó péjọ sí ìlú kan ṣoṣo yìí. Ó pe ènìyàn tí ó lé ní 200, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ilẹ̀ tirẹ̀, ó sì bi wọ́n ní àwọn ọ̀rọ̀ kan náà, tí ó sún mọ́ 300: kí ni ẹ ń pe orí, kí ni ẹ ń pe omi, kí ni ẹ ń pe iná? Ìwé tí ó ti inú rẹ̀ jáde ní ọdún 1854, Polyglotta Africana, to Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú, Yàgbà, Ìfẹ̀ àti Òndó sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, bí ọmọ ìyá tí ó jókòó yí abọ́ kan ká. Àwọn tí ogun ń lé kiri ní ilẹ̀ wọn gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá di ojúlé kan lójú ìwé. Ẹni tí ó bá ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀ka-èdè Yorùbá lónìí, ọ̀nà tí Koelle là ni ó ń tọ̀.

Kì í ṣe Sàró nìkan ni ohun ìní ọlọ́lá ti gbé bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀kọ́ ní etí òkun yẹn. Ní Liberia, tí í ṣe aládùúgbò, ọkùnrin kan wà tí ọjọ́ orí rẹ̀ àti ti Crowther fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Joseph Jenkins Roberts ni, tí a bí ní Virginia ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1809, tí ó sì di Ààrẹ àkọ́kọ́ orílẹ̀-èdè náà. Nígbà tí Liberia College ṣí ní Monrovia ní ọdún 1862, òun kan náà ni a fi ṣe olórí rẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì wà nídìí rẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 1876. Nínú ìwé ìhágún rẹ̀, ó fi 10,000 dọ́là àti ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ Liberia. Ní ọdún 1951, kọ́lẹ́ẹ̀jì náà di Yunifásítì Liberia. Ìyàtọ̀ kan wà láàárín ilé méjèèjì. Turner kò mọ̀ pé ilé òun yóò di ilé ìwé. Ikú ni ó bá a pín in. Ṣùgbọ́n Roberts mọ̀, ó sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ kò bi ohun ìní léèrè bóyá ẹ̀bùn ni tàbí rírà. Ohun tí ó ń béèrè ni ẹni tí yóò jókòó nínú rẹ̀.

Ọdún tí Roberts kú ni Fourah Bay so mọ́ Yunifásítì Durham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọmọ Áfíríkà sì lè gba oyè B.A. láìkọjá òkun. Àwọn ọmọ Yorùbá kò fi àyè náà ṣòfò. James Johnson ti jáde níbẹ̀ ṣáájú. Isaac Olúwọlé lọ síbẹ̀, ó sì padà di ọ̀gá Grammar School ti C.M.S. ní Èkó ní ọdún 1879. Nígbẹ̀yìn ó di Bíṣọ́ọ̀bù. Henry Carr, ọmọ Èkó, gba oyè rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1882, ó di olùkọ́, ó sì di alábòójútó ilé ẹ̀kọ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo nídìí ẹ̀kọ́ títí ó fi kú ní ọdún 1945. Ìwé kíkà ni ó fẹ́ràn jù láyé. Àwọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé tí ó kó jọ sí ilé rẹ̀ wà lára èyí tí a fi bẹ̀rẹ̀ ilé ìkówèésí Yunifásítì Ìbàdàn. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá kàwé ní Ìbàdàn ti jẹ nínú oúnjẹ Fourah Bay, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ ibẹ̀.

Ó yẹ kí a sọ pẹ̀lú pé kọ́lẹ́ẹ̀jì nìkan kọ́ ni ó wà ní àdúgbò náà. Emmanuel Cline, tí Cline Town ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ọmọ Haúsá tí a gbà lọ́wọ́ òwò ẹrú ni. Ó ṣiṣẹ́, ó sì ra ilẹ̀. Nítòsí ibẹ̀ ni àwọn Yorùbá Mùsùlùmí tẹ̀dó sí, tí a ń pè ní Okú títí di òní, tí wọ́n ní mọ́ṣáláṣí wọn, tí wọ́n sì ń jẹ́ orúkọ bàbá wọn. Àwọn wọ̀nyí kò kọ́ Látìnì, ṣùgbọ́n wọ́n pa ohun mìíràn mọ́. Nínú èdè Krio tí gbogbo Freetown ń sọ, komojade ṣì ni ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, awujoh sì ni àsè tí ìdílé ń pé jọ sí láti rántí àwọn tí ó ti lọ. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ èdè sílẹ̀ lórí ìwé. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ pa á mọ́ lẹ́nu. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì ni.

Lẹ́yìn náà ni ayé yí padà fún ilé náà. Nígbà ogun àgbáyé kejì, àwọn ológun gba ilé, kọ́lẹ́ẹ̀jì sì kó lọ sí Mabang. Nígbà tí ogun parí, kò padà sí etí òkun mọ́. Mount Aureol, lórí òkè tí ó kọjú sí ìlú, ni ó tẹ̀dó sí, níbi tí ó ti ń gbèrú títí di òní gẹ́gẹ́ bí apá kan Yunifásítì Sàró. Àwọn rélùwéè wọ inú ilé òkúta, wọ́n sọ ọ́ di ọ́fíìsì. Lẹ́yìn wọn ni kóòtù, tí òun náà sì ṣíwọ́ ní ọdún 1990. Ní ọdún 1955, ìjọba ti kéde pé ohun ìrántí fún gbogbo orílẹ̀-èdè ni ilé náà. Ṣùgbọ́n ìkéde kì í bo òrùlé. Nígbà tí iná dé ní ọdún 1999, òpó àwọn ọkọ̀ ẹrú tí ó ti ru òrùlé fún àádọ́jọ ọdún jóná.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan ọmọ Yorùbá nínú èyí. Ilé kò sí ní ilẹ̀ rẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì fúnra rẹ̀ ti kó lọ síbi tí ó dára jù. Ẹlòmíràn lè fi kún un pé irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni ó kọ́ àwọn kan láti tijú orúkọ bàbá wọn àti ìlù ilé wọn. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì. Àwọn tí ó ṣe ilé náà kò ṣe é láti gbé Yorùbá ga. Wọ́n ń wá olùkọ́ àti oníwàásù tí yóò ṣiṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ ju ohun tí wọ́n pinnu lọ. Turner kọ́lé fún ìgbádùn, ó di ilé ẹ̀kọ́. Àwọn olówò ẹrú fi igi kan ọkọ̀, ó di òrùlé lórí àwọn ọmọ ẹrú. Àwọn C.M.S. kọ́ Àjàyí ní Gẹ̀ẹ́sì, ó fi ọgbọ́n rẹ̀ kọ Yorùbá. Kò sí ẹni tí ó lè fi ìpinnu tirẹ̀ dí ojú ohun tí ẹ̀kọ́ yóò bí. Èyí ni ìtàn ilé náà, òun náà sì ni olùkọ́ gbogbo ń bá pàdé láràárọ̀ nínú kíláàsì rẹ̀.

Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí ọ̀rọ̀ ahoro yìí dun ni. Àwọn ará Sàró ni ó ni ògiri náà, àwọn ni yóò sì pinnu bí a ó ti tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ kì í ṣe tiwọn nìkan. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ọmọ ń kọ́ orúkọ Crowther pẹ̀lú fìlà Bíṣọ́ọ̀bù lórí. Kò gbọ́ nípa ilé oko tí ó ti kàwé, kò gbọ́ nípa Raban, kò gbọ́ nípa Koelle àti àwọn 200 tí ó jókòó tì í. Ó rò pé Yorùbá kíkọ já bọ́ láti ọ̀run ni, tàbí pé Òyìnbó gbé e wá nínú àpótí. Bí olùkọ́ bá lè sọ fún un pé ọmọ tí a fi ẹṣin ṣe pààrọ̀ rẹ̀ ni ó wà lára àwọn tí ó kọ àwọn lẹ́tà wọ̀nyí, ojú tí yóò fi wo ìwé Yorùbá rẹ̀ yóò yàtọ̀.

Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ru bẹẹrẹ wá ni òwe náà ń wá. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó lè gbé òkúta lọ sí Freetown. Olùkọ́ tí ó bá sọ ìtàn ilé náà fún ogójì ọmọ ní òwúrọ̀ kan ti ru ìdì bẹẹrẹ tirẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà.